Ẹṣin Iwájú: Ìgbésí Ayé Ken Miles

Àwọn òǹkọ̀wé, ọba, jagunjagun àti òṣèré orí ìtàgé ni a sábà máa ń kọ ìtàn ìgbésí ayé wọn sínú ìwé irú èyí. N óò yà díẹ̀ kúrò lójú ọ̀nà náà lọ́dún yìí. Awakọ̀ ni mo mú wá, òyìnbó ni, kò sì sí ohunkóhun tí ó pa òun àti ilẹ̀ Yorùbá pọ̀. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó ṣí ojú ewé yìí kọjá, ẹ rántí pé Ògún ni ó ni irin, àti pé ẹnikẹ́ni tí ó bá ń fi irin jẹun, ì báà mọ Ògún, ì báà má mọ̀ ọ́n, abẹ́ òrùlé kan náà ni òun àti àwọn alágbẹ̀dẹ wa wà. Ọkùnrin yìí fi irin jẹun fún ohun tí ó lé ní ọgbọ̀n ọdún. Irin náà ni ó sì pa á.

Kenneth Miles ni orúkọ rẹ̀, Ken ni wọ́n ń pè é. Ohun tí ó mú mi gbé kálámù nítorí rẹ̀ ni pé nínú iṣẹ́ ọwọ́, ẹni tí a kọ orúkọ rẹ̀ sára iṣẹ́ kì í fi gbogbo ìgbà jẹ́ ẹni tí òógùn rẹ̀ kán sí i jù. Títí di òní, bí àwọn olólùfẹ́ mọ́tò bá ń sọ̀rọ̀ nípa bí wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í mú mọ́tò Amẹ́ríkà alágbára, tí wọ́n ń tú u palẹ̀, tí wọ́n sì ń tún un tò kí ó lè sáré, kí ó lè yà, kí ó sì lè dúró, orúkọ Carroll Shelby ni yóò kọ́kọ́ jáde lẹ́nu wọn. Ó tọ́ bẹ́ẹ̀. N kò ní kí ẹnikẹ́ni gba orúkọ lọ́wọ́ olórúkọ. Ẹni tí ó jókòó sídìí ọkọ̀ náà nígbà tí kò tíì dára, tí ó ń wà á lọ, tí ó ń wà á bọ̀ títí ó fi dára, ni mo fẹ́ kí a mọ̀.

Ọjọ́ kìíní oṣù kọkànlá ọdún 1918 ni wọ́n bí i, ó ku ọjọ́ mẹ́wàá gééré kí Ogun Àgbáyé Kìíní parí. Sutton Coldfield ni ìlú náà ń jẹ́, kò jìnnà sí Birmingham ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ìlú oníṣẹ́ irin ni Birmingham. Ọmọ tí a bá bí sí àyíká ibẹ̀ láyé ìgbà náà, ariwo òòlù àti èéfín iléeṣẹ́ ni yóò fi dàgbà. Miles kò pẹ́ nílé ìwé. Nígbà tí ó pé ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ó fi ilé ìwé sílẹ̀, ó sì lọ kọ́ṣẹ́ ní iléeṣẹ́ Wolseley, àwọn tí ń ṣe mọ́tò. Ẹni tí ó bá ti rí ọmọṣẹ́ mẹkáníìkì nílùú wa, tí ara rẹ̀ dúdú fún epo láti òwúrọ̀ títí di alẹ́, mọ irú ayé tí ó wọ̀.

Nígbà tí Ogun Àgbáyé Kejì dé, ó wọ iṣẹ́ ológun, ìdí àwọn ọkọ̀ ogun onírin tí ń fi ẹ̀wọ̀n rìn ni ó sì wà. Lẹ́yìn ogun ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi àwọn mọ́tò àtijọ́ bíi Bugatti àti Alvis díje. Èyí tí ó yẹ kí a fi ọkàn sí nínú wọn ni Frazer Nash kan báyìí, mọ́tò ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ṣùgbọ́n tí ẹ́ńjìnnì inú rẹ̀ jẹ́ ti Ford onísílíńdà mẹ́jọ. Ara Gẹ̀ẹ́sì, ọkàn Amẹ́ríkà. Ẹ jẹ́ kí ó wà lọ́kàn yín, a óò tún pàdé rẹ̀ níwájú.

Ní ọdún 1952 ó kó lọ sí Los Angeles ní ìpínlẹ̀ California, níbi tí ó ti di ọ̀gá àwọn oníṣẹ́ àtúnṣe fún iléeṣẹ́ kan tí ń ta mọ́tò MG. Ẹ́ńjìnnì MG kéré. Bí a bá fi wé ti àwọn ọkọ̀ ńláńlá Amẹ́ríkà, bí ìgbà tí a fi ewúrẹ́ wé màlúù ni. Miles kò bá a jà nítorí agbára tí kò ní. Ó kó àwọn ẹ̀yà MG jọ, ó fi wọ́n ṣe ọkọ̀ tirẹ̀, ó jẹ́ kí ó fúyẹ́, ó jẹ́ kí ó sún mọ́ ilẹ̀, ó sì fi í gba ipò kìíní nígbà mẹ́rìnlá léraléra ní ọdún 1953. Ní ọdún 1955 ó tún gbé òmíràn jáde tí ó pẹlẹbẹ débi pé wọ́n sọ ọ́ ní Pákó Òrùlé Tí Ń Fò. Lẹ́yìn náà ni ó mú ẹ́ńjìnnì Porsche, ó kì í bọ inú mọ́tò Cooper. Òun náà yege. Nígbà tí ó fi máa pé ogójì ọdún, kò sí ẹni tí ń díje ní California tí kò mọ̀ ọ́n, bẹ́ẹ̀ ni kò sì sí ẹni tí ó lè sọ pé ó lówó lọ́wọ́.

Ẹnu rẹ̀ mú bí abẹ. Àwọn alábàáṣiṣẹ́ rẹ̀ fi orúkọ ìnagijẹ kan pè é nítorí pé ẹ̀gbẹ́ kan ẹnu rẹ̀ ni ó fi ń sọ̀rọ̀, wọ́n tún fi òmíràn kún un nítorí tíì tí kì í sú u mu. Bí ọkọ̀ kò bá dára, yóò sọ pé kò dára, ì báà jẹ́ pé ẹni tí ó ni owó iṣẹ́ náà ni ó dúró níwájú rẹ̀. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ ṣòro láti bá jókòó. Ṣùgbọ́n bí a bá fẹ́ dán ọkọ̀ wò, ta ni a tún ń wá? Ẹni tí ń pọ́n ọ̀gá lé yóò jẹ́ kí ọkọ̀ burúkú kọjá lójú òun, ẹlòmíràn ni yóò sì fi ẹ̀mí dí i.

Ó yẹ kí n ṣàlàyé irú mọ́tò tí ó gbòde ní Amẹ́ríkà ní àkókò náà. Fún ọdún 1964, iléeṣẹ́ Pontiac mú ẹ́ńjìnnì tí ó yẹ ọkọ̀ gbàǹgbà, ó kì í bọ inú ọkọ̀ tí kò tóbi tó bẹ́ẹ̀, ó sì pè é ní GTO. Òun ni ọ̀pọ̀ ènìyàn kà sí àkọ́bí nínú àwọn tí n óò máa pè ní ọkọ̀ abiṣan, nítorí iṣan ni gbogbo ara rẹ̀. Bí awakọ̀ bá tẹ ẹsẹ̀ mọ́lẹ̀ lójú títì tí ó gún, ẹ̀yìn rẹ̀ yóò lẹ̀ mọ́ àga. Kọ́nà ńkọ́? Bí ó bá dé kọ́nà, yóò fì sí ẹ̀gbẹ́ kan bí ọkọ̀ ojú omi tí ẹrù inú rẹ̀ kò dọ́gba, bí a bá sì ń tẹ bíréèkì rẹ̀ léraléra, yóò gbóná títí kò fi ní mú mọ́. Mọ́tò tí ó mọ eré sá tí kò mọ bí a ti ń yà, tí kò sì mọ bí a ti ń dúró, ibi tí ó ń gbé ẹni lọ kò jìnnà.

Carroll Shelby, ọmọ Texas, ti jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn méjì tí ó gba ipò kìíní ní Le Mans lọ́dún 1959, kí àìsàn ọkàn tó lé e kúrò nídìí ìdíje. Ní ọdún 1962 ó mú mọ́tò AC láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó fi ẹ́ńjìnnì Ford onísílíńdà mẹ́jọ sí i nínú, ó sọ ọ́ ní Cobra. Ẹ kò tíì gbàgbé Frazer Nash ọjọ́sí? Ohun tí Shelby fi di olókìkí, Miles ti fi ọwọ́ kàn án ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kí ó tó mọ ọ̀nà California. Ní ọdún 1963 àwọn méjèèjì pàdé nídìí iṣẹ́: Miles wọ ilé iṣẹ́ Shelby ní Venice, létí òkun California. Ní ọdún yẹn náà ni àwọn oní Sunbeam bẹ̀ ẹ́ kí ó bá wọn wò ó bóyá ẹ́ńjìnnì Ford yìí lè gba inú mọ́tò wọn kékeré. Kò pẹ́ rárá tí ó fi ń rìn. Àdánwò yẹn wà lára ohun tí ó bí Sunbeam Tiger tí wọ́n ń tà láti ọdún 1964.

Kì í ṣe ìwakọ̀ nìkan ni wọ́n gbà á sí lọ́dọ̀ Shelby. Òun ni ó ń gbé ọkọ̀ jáde láti dán an wò, òun ni yóò padà wá sọ ohun tí ń ṣe é, nígbà púpọ̀ òun náà ni yóò sì tún wọ abẹ́ rẹ̀. Ní ọdún 1964 wọ́n fi ẹ́ńjìnnì Ford kan tí ó tóbi ju ti tẹ́lẹ̀ lọ jìnnà sínú Cobra, Miles sì wà á lọ sí pápá Sebring ní Florida. Nígbà ìgbáradì, ó fi í kọ lu igi. Wọ́n tún un ṣe kí eré tó bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n ọkọ̀ náà kò parí eré. A kì í mọ̀ ọ́n rìn kí orí ó má mì. Ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e, Cobra abẹ́ńjìnnì ńlá ti wà lọ́jà.

Wàyí o, Mustang. Ọjọ́ kẹtàdínlógún oṣù kẹrin ọdún 1964 ni Ford gbé e jáde. Ẹṣin ìgbẹ́ ni orúkọ náà túmọ̀ sí. Ní ọjọ́ kìíní péré, iye àwọn tí ó béèrè fún un lé ní 22,000. Kí ọdún tó yípo, wọ́n ti tà ju 400,000 lọ. Owó rẹ̀ kò gani lára, 2,368 dọ́là ni ó ti bẹ̀rẹ̀, ojú rẹ̀ sì fani mọ́ra. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá wo abẹ́ rẹ̀ yóò rí i pé inú ẹ̀yà Falcon ni wọ́n ti yọ ọ́, mọ́tò jẹ́jẹ́ tí ìdílé fi ń lọ ọjà. Àwọn tí ń fi ọkọ̀ díje ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Aṣọ ẹṣin ni ó wọ̀, ìrìn rẹ̀ kì í ṣe ti ẹṣin.

Lee Iacocca, ọ̀kan nínú àwọn ọ̀gá Ford, fẹ́ kí Mustang lórúkọ lórí pápá. Ẹgbẹ́ Sports Car Club of America ni ó ń ṣètò ìdíje tí ó ń wò, òfin wọn sì le: ọkọ̀ náà gbọ́dọ̀ jẹ́ alága méjì, kò sì gbọ́dọ̀ dín ní 100 tí a ti ṣe kí ọdún 1965 tó wọlé. Shelby ni wọ́n gbé iṣẹ́ náà fún, ọdún sì ti ń lọ sópin.

Miles àti Bob Bondurant kó Mustang lọ sí pápá Willow Springs nínú aṣálẹ̀ California, wọ́n ń wà á yí po. Àìsàn rẹ̀ kò fara sin. Iwájú rẹ̀ wúwo. Bí a bá yí sítíárìn, orí ọkọ̀ yóò kọ̀, yóò fẹ́ máa lọ tààrà. Ara rẹ̀ yóò sì dà sẹ́gbẹ̀ẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi jẹ́ pé etí táyà nìkan ni yóò máa fara kan ilẹ̀. Kí ni à á ti ṣe é? Ẹni tí kò mọ iṣẹ́ yóò ní kí wọ́n fi agbára kún ẹ́ńjìnnì. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ni àwọn wọ̀nyí kọjú sí, ohun tí àwọn mẹkáníìkì wa náà ń pè ní ẹsẹ̀ mọ́tò. Klaus Arning, onímọ̀ ẹ̀rọ kan ní Ford, ti ṣírò rẹ̀ pé bí a bá sọ apá irin òkè tí ó gbé táyà iwájú ró kalẹ̀ ní nǹkan bí ínǹṣì kan sí ibi tí ó wà tẹ́lẹ̀, táyà náà yóò tẹ́ mọ́ ilẹ̀ dáadáa nígbà tí ọkọ̀ bá ń yà. Ínǹṣì kan péré! Ihò tuntun ni wọ́n lu sára irin, wọ́n sì so ó kọ́ síbẹ̀. Chuck Cantwell ni onímọ̀ ẹ̀rọ tí ó ń darí iṣẹ́ náà lọ́dọ̀ Shelby. Ti Miles ni láti wà á kí ó sì sọ bóyá ohun tí ìwé wí ni ojú títì wí.

Wọ́n fi ọ̀pá irin tí ó ki tó ínǹṣì kan sí iwájú kí ara ọkọ̀ má baà máa dà. Wọ́n yọ ṣọ́ọ̀kì rẹ̀, wọ́n fi ti Koni tí ó le sí i. Wọ́n fi irin so òkè ẹsẹ̀ iwájú méjèèjì pọ̀ kí ilé ẹ́ńjìnnì má baà máa lọ́ nígbà tí kọ́nà bá le. Ọ̀pá táyà ẹ̀yìn àti bíréèkì ibẹ̀ di ti ọkọ̀ tí ó tóbi ju Mustang lọ, bíréèkì iwájú di onídísìkì. Sítíárìn rẹ̀ kò rọ́ra yí bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́; díẹ̀ ni awakọ̀ yóò yí, ọkọ̀ á sì ti gbọ́. Bọ́nẹ́ẹ̀tì irin di ti fáíbà kí orí rẹ̀ lè fúyẹ́, ìdí kan náà tí bátìrì àwọn tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe fi kúrò níwájú lọ sí búùtù. Ní ti òfin alága méjì, kò ná wọn ní ohunkóhun. Wọ́n kàn yọ àga ẹ̀yìn, wọ́n sì gbé táyà ìpamọ́ sí àyè rẹ̀. Ẹ̀rín pa mí nígbà tí mo kọ́kọ́ mọ èyí.

Ẹ́ńjìnnì ńkọ́? Kabúrétọ̀ tí ó tóbi sí i àti ọ̀pá èéfín tí ó já gaara ni wọ́n fi sí i, agbára rẹ̀ sì ti ti ẹṣin 271 dé ti ẹṣin 306. Ẹ ṣe ìṣirò rẹ̀: ẹṣin 35 péré ni wọ́n fi kún un. Ibi tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ṣì í gbọ́ nìyí. Wọ́n rò pé agbára ni ó sọ Mustang di akọni, bẹ́ẹ̀ ẹsẹ̀ rẹ̀ ni wọ́n tún ṣe. Ohun tí Miles ti fi MG kékeré hàn ní ọdún 1953 náà ni wọ́n fi ọkọ̀ abiṣan hàn ní ọdún 1965. Nítorí òfin ìdíje, ẹsẹ̀ tí wọ́n fi sí èyí tí ń lọ sórí pápá náà ni wọ́n fi sí èyí tí ẹnikẹ́ni lè rà kí ó máa wà lọ síbi iṣẹ́.

Funfun ni wọ́n kun gbogbo wọn, ọ̀pọ̀ sì ní ìlà aró méjì láti iwájú dé ẹ̀yìn. Orúkọ rẹ̀ di GT350. Ohun tí àwọn ará ibẹ̀ máa ń sọ ni pé ìṣísẹ̀ ẹsẹ̀ láti ilé kan sí èkejì nínú ọgbà iṣẹ́ wọn ni wọ́n kà tí wọ́n fi rí 350 yẹn. Ẹni tí ó ń wá ìtumọ̀ ìjìnlẹ̀ níbẹ̀, kò sí. Kí ọdún 1965 tó wọlé, 100 ti wà nílẹ̀ fún àwọn aṣojú ẹgbẹ́ láti kà. Ní ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n oṣù kìíní ni wọ́n fi í han gbogbo ayé ní pápá Riverside. Àpapọ̀ èyí tí wọ́n ṣe lọ́dún náà jẹ́ 562, nǹkan bí 36 nínú wọn ni a dìídì ṣe fún ìdíje nìkan.

Ní ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kejì, ní pápá Green Valley ní Texas, GT350 kọ́kọ́ díje, Ken Miles ni ó sì wà á. Òkè kékeré kan wà lójú ọ̀nà náà. Ayàwòrán kan ya ọkọ̀ náà bí ó ti fi eré gun òkè yìí: táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni ó kúrò nílẹ̀, ó dúró sójú òfuurufú bí ẹyẹ. Òun ni ó gba ipò kìíní lọ́jọ́ náà. Mo ti wo fọ́tò yẹn nígbà tí kò níye, ohun tí ó sì máa ń yà mí lẹ́nu ni bí ọkọ̀ náà ti gún régé lókè. Lẹ́yìn náà ni Jerry Titus fi irú ọkọ̀ yìí gba ife-ẹ̀yẹ gbogbo orílẹ̀-èdè nínú ìsọ̀rí rẹ̀, àwọn mìíràn sì tún fi í gbà á ní 1966 àti 1967.

Miles kò ráyè jókòó ti Mustang. Henry Ford Kejì ti fẹ́ ra iléeṣẹ́ Ferrari ní ọdún 1963, ọ̀rọ̀ náà dàrú lọ́jọ́ ìkẹyìn, ìbínú sì gbé e débi pé ó pinnu láti nà wọ́n ní Le Mans, eré wákàtí mẹ́rìnlélógún ilẹ̀ Faransé tí Ferrari ti sọ di oko baba wọn. GT40 ni ọkọ̀ tí Ford ṣe fún un. Ní ọdún 1964 kò rí nǹkan kan gbà. Wọ́n kó o fún Shelby, Shelby sì fà á lé Miles àti àwọn oníṣẹ́ rẹ̀ lọ́wọ́. Ọjọ́ mẹ́rìnlá péré lẹ́yìn Green Valley, Miles àti Lloyd Ruby fi í gba ipò kìíní ní Daytona. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí GT40 borí níbikíbi.

Ọdún 1966 ni ó yẹ kí ó jẹ́ ọdún rẹ̀. Ní oṣù kejì, òun àti Ruby gba Daytona, èyí tí wọ́n ti sọ di wákàtí mẹ́rìnlélógún. Ní oṣù kẹta wọ́n gba Sebring. Ó ku Le Mans. Kò tíì sí awakọ̀ tí ó gba mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí lọ́dún kan náà rí.

Ní ọjọ́ kejìdínlógún oṣù kẹfà, eré bẹ̀rẹ̀. Denny Hulme, ọmọ New Zealand, ni ó bá Miles wà á. Ní ìparí ìyípo kìíní Miles ti ní láti yà wọlé nítorí ilẹ̀kùn tí kò pa dé. Ó padà sójú ọ̀nà, ó lé gbogbo wọn bá, ó sì ń bọ̀ níwájú. Nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, kò sí Ferrari kan tí ó lè yọ Ford lẹ́nu mọ́. Ford mẹ́ta ni ó wà níwájú. Ìgbà náà ni àwọn ọ̀gá Ford gbèrò pé kí àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jọ wọlé pa pọ̀ kí fọ́tò lè dára, kí Miles àti ọkọ̀ Bruce McLaren òun Chris Amon sì jọ gba ipò kìíní. Miles dẹ ẹsẹ̀ kúrò lórí epo, ó dúró de àwọn tí ó wà lẹ́yìn. Nígbà tí wọ́n wọlé, àwọn onídìí eré sọ pé kò sí ohun tí ń jẹ́ ọ̀mì. Ọ̀nà tí ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan rìn ni wọ́n ń wọ̀n, ọkọ̀ McLaren sì ti bẹ̀rẹ̀ láti ẹ̀yìn ọkọ̀ Miles ní mítà díẹ̀, nítorí náà òun ni ó rìn jù. Miles di ẹnì kejì. Àwọn kan ní àwọn ọ̀gá Ford mọ òfin náà kí ọkọ̀ tó wọlé, àwọn mìíràn ní wọn kò mọ̀ ọ́n. Lójú tèmi, ìyẹn kọ́ ni kókó ọ̀rọ̀. Ẹni tí ó ṣe ọkọ̀ náà títí ó fi lè borí ni wọ́n sọ fún pé kí ó dúró, ó sì dúró. Ọkùnrin tí ẹnu rẹ̀ mú bí abẹ gbọ́rọ̀ sí ọ̀gá lẹ́nu lọ́jọ́ kan ṣoṣo tí kò yẹ kí ó gbọ́.

Kò rí ọdún mìíràn. Ford ti ń ṣe ọkọ̀ tuntun tí ara rẹ̀ fúyẹ́, tí a fi alumíníọ̀mù tí inú rẹ̀ rí bí afárá oyin ṣe. Ní ọjọ́ kẹtàdínlógún oṣù kẹjọ ọdún 1966, ní pápá Riverside kan náà, Miles gbé e jáde fún àdánwò. Ọjọ́ iṣẹ́ lásán ni, kò sí èrò ìwòran, kò sí ife-ẹ̀yẹ. Nígbà tí ó ń sún mọ́ òpin ojú ọ̀nà gígùn tí ó dà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, ọkọ̀ náà yí gbirigbiri, ó fọ́ yángá, iná sọ lára rẹ̀. Miles ti fò jáde kúrò nínú rẹ̀, kò sì yè. Ọmọ ọdún mẹ́tàdínláàádọ́ta ni. Ọmọkùnrin rẹ̀ wà ní pápá náà lọ́jọ́ yẹn. Ó fi òun àti Mollie ìyàwó rẹ̀ sáyé lọ.

Wọ́n fi àgọ́ irin alágbára sínú ọkọ̀ náà lẹ́yìn ikú rẹ̀, wọ́n tún ara rẹ̀ ṣe, ó di Mark IV. Ní Le Mans ọdún 1967 òun ni ó borí. Nínú eré kan náà, Mario Andretti fi ọ̀kan nínú wọn kọ lu ògiri, ó sì jáde láàyè. Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé irin tí ikú Miles mú kí wọ́n fi síbẹ̀ ni ó gbà á là.

Ní ti Mustang, ọwọ́ wọn dẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Láti 1966 ni àga ẹ̀yìn ti padà wọ GT350, wọ́n sì pa títún apá irin iwájú sọ kalẹ̀ tì nítorí owó. Nígbà tí ó fi máa di 1968, wọ́n ti kó iṣẹ́ náà kúrò ní California lọ sí Michigan, ọkọ̀ náà ti wúwo, ó sì ti di ọkọ̀ afẹ́. Ní 1970 wọ́n ta àwọn tí ó kù nílẹ̀ tán. Ṣùgbọ́n ẹṣin iwájú ni ti ẹ̀yìn ń wò sáré. Ní òpin 1966 ni Chevrolet gbé Camaro Z/28 jáde, ọkọ̀ abiṣan tí wọ́n dìídì ṣe kí ó lè yà kí ó sì lè dúró, kí ó lè bá Mustang wọ̀yá ìjà lórí pápá. Títí di òní, ẹni tí ó bá ra Mustang àtijọ́ tí ó fẹ́ kí ó mọ ìrìn, iṣẹ́ tí yóò kọ́kọ́ ṣe ni kí ó lu ihò, kí ó sì sọ apá irin òkè kalẹ̀. Àwọn mẹkáníìkì kan ń ṣe é tí wọn kò mọ ibi tí ó ti wá.

Ní ọdún 2001 wọ́n fi orúkọ Miles sínú ìwé àwọn ẹni ìrántí nínú eré ìje ọkọ̀ ní Amẹ́ríkà. Shelby kú ní 2012, ó ti lé ní ẹni ọgọ́rin ọdún. Ní 2019 ni sinimá Ford v Ferrari jáde, Christian Bale ni ó sì ṣe Miles nínú rẹ̀. Ọ̀dọ̀ sinimá yẹn ni ọ̀pọ̀ àwa ọmọ ìwòyí ti kọ́kọ́ gbọ́ orúkọ rẹ̀, èmi náà pẹ̀lú.

Ọkọ̀ tí ó fi fò ní Texas ṣì wà. 5R002 ni nọ́ńbà rẹ̀. Nígbà tí irú rẹ̀ wà ní tuntun ní ọdún 1965, iye tí wọ́n ń tà á kò tó 6,000 dọ́là. Ní oṣù keje ọdún 2020 wọ́n gbé e sí gbàǹjo ní Indianapolis, ẹnì kan sì san 3,850,000 dọ́là lórí rẹ̀. Kò sí Mustang tí ẹnikẹ́ni tíì ra tó bẹ́ẹ̀ rí nígbà náà.